Ìṣáwùrú tí ọkọ mi dà sínú odò wa

Ádímìn, ẹ jọ̀ọ́, ẹ bá mi bo orúkọ mi o, torí bí wọ́n bá mọ̀ pé èmi ni, ilé mi tú nìyẹn. Mo parọ́ fún ẹnì kan tó fọkàn tán mi... Abúlé kan lọ́nà Àgọ́-Àrẹ là ń gbé, iṣu àti àgbàdo là ń gbìn kó tó di pé àwọn tó ń wa òkúta dé. Wọ́n ní òkúta olówó iyebíye ni, èmi ò mọ èyí tó jẹ́, ṣùgbọ́n inú odò wa ni wọ́n ti ń fọ̀ ọ́, ọkọ mi ló sì ń bójú tó àwọn lébìrà wọn.

Lẹ́yìn òjò àkọ́rọ̀ ni arábìnrin kan dé láti yunifásítì, ọmọ jẹ́jẹ́, ó máa ń bo orí rẹ̀ dáadáa. Ọ̀dọ̀ wa ni Baálẹ̀ ní kó dé sí. Ó ní ìṣáwùrú lòun wá ṣà. Gbogbo abúlé rẹ́rìn-ín títí, wọ́n bá sọ ọ́ ní Ìyá Ìṣáwùrú. Ó ṣàlàyé fún mi nídìí ààrò pé etí òkun lòun ti kọ́kọ́ ṣe irú iṣẹ́ yìí, pé àwọn ìgbín òkun kéékèèké kan wà tó máa ń lẹ̀ mọ́ àpáta, tí májèlé bí òjé bá wọ omi, inú ara wọn ló máa ń kó jọ sí. Omi lè ṣàn lọ, ẹja lè sá, ìgbín ò lè sá, ohun tó bá jẹ níbẹ̀ lèèyàn máa bá lára rẹ̀. Ó ní òun fẹ́ fi ìṣáwùrú wa mọ ohun tó wà nínú omi tí à ń mu.

Ẹ̀yin èèyàn mi, ọkọ mi tí kì í bá mi gbé igbá rí, òun ló ń bá obìnrin yìí gbé apẹ̀rẹ̀ lọ sódò! Ẹ̀rín tí kì í rín sí mi ló ń rín sí i. Ó tún wá ń jáde nílé kí wọ́n tó pe ìrun àsùbáà, á gun ọ̀kadà lọ, tó bá dé, ẹ̀wù rẹ̀ á tutù, á máa rùn bí ẹrẹ̀. Mo bi í, ó ní oko lòun lọ. Oko wo? Ẹrẹ̀ wo ló wà lóko wa tó wà lórí òkè? Ẹ̀gbọ́n mi obìnrin tó ń gbé Ṣẹ̀pẹ̀tẹ̀rí wá pè mí lórí fóònù, ó ní òun rí ọkọ mi lódò tiwọn tó ń ṣa ìṣáwùrú sínú àpò, ṣé oyún ló ń jẹ́ kó máa wù mí jẹ ni? Mo ní ó parí... obìnrin yẹn ló ń ṣà á fún.

Mo bá tọ ipasẹ̀ rẹ̀ dé odò láàárọ̀ ọjọ́ kan. Kò sí obìnrin kankan níbẹ̀ o... ọkọ mi nìkan ló dúró nínú omi, nísàlẹ̀ ibi tí wọ́n ti ń fọ òkúta, níbi tí Ìyá Ìṣáwùrú ti máa ń ṣà gan-an. Ó ń ṣa ti odò wa jù sínú igbó, ó ń da ti inú àpò rọ́pò rẹ̀. Nígbà tí oòrùn yọ, òun náà ló mú obìnrin náà débẹ̀, tó ń nawọ́ pé ibí ló pọ̀ sí.

Mo kò ó lójú. Ó ní, “Ìyá Ràfíù, tí wọ́n bá ti ibi iṣẹ́ yìí pa, kí la ó máa jẹ? Ṣebí mò ń pọn omi wá fún ìwọ àtàwọn ọmọ?” Òótọ́ ni o... ó ti pẹ́ tó ti ń fi kẹ́ẹ̀gì gbé omi kànga ẹlẹ́rọ wálé láti ibi iṣẹ́, mo rò pé ìfẹ́ ni. Àṣé ó ti mọ̀? Ìyàwó àbúrò rẹ̀ tó ń fọ́mọ lọ́mú ńkọ́, ta ló ń pọnmi fún un?

Obìnrin náà kó ìṣáwùrú rẹ̀ lọ sí yunifásítì fún àyẹ̀wò, nígbà tó padà wá, wọ́n pe gbogbo wa jọ sójúde mọ́ṣáláṣí. Ó ní májèlé tóun rí lára ìṣáwùrú náà kéré, ṣùgbọ́n... Ọkọ mi ò jẹ́ kó sọ̀rọ̀ tán tó fi kígbe pé omi wa mọ́, àwọn èèyàn bá ń dúpẹ́ lọ́wọ́ Ọlọ́hun. Kí obìnrin náà tó lọ, ó fà mí sẹ́yìn ilé. Ó ní èyí tóun ṣà nísàlẹ̀ ibi ìfọkúta mọ́ ju ti òkè odò lọ, kò sì yẹ kó rí bẹ́ẹ̀. Ó tẹjú mọ́ mi. “Ìyá Ràfíù, ṣé ẹ ò rí ẹnikẹ́ni tó lọ fọwọ́ kàn án níbẹ̀?” Mo ní rárá. Ẹnu mi yìí ni mo fi sọ ọ́ o!

Àwọn tó ti ń sá fún odò náà látìgbà tí wọ́n ti ń fọ òkúta níbẹ̀ ti padà síbẹ̀ báyìí. Lánàá ni ìyàwó àbúrò ọkọ mi fi ìṣáwùrú odò yẹn se ọbẹ̀, ó bu abọ́ kan wá fún ọkọ mi pé kó bá àwọn yọ̀. Ọkọ mi gbà á, ó ṣàdúà fún un, ó fọwọ́ pa ọmọ tó pọ̀n sẹ́yìn lórí. Bí obìnrin yẹn ṣe kẹ̀yìn báyìí, ó gbé ọkọ́, ó gbẹ́lẹ̀ sẹ́yìn ilé, ó da ọbẹ̀ náà sí i, ó bò ó, ó tún gbé òkúta lé e, kí adìẹ wa má baà tú u jẹ. Mo dúró lẹ́nu ilẹ̀kùn, mò ń wò ó.

Ìyá Ìṣáwùrú ń padà bọ̀ lọ́sẹ̀ tó ń bọ̀ láti tún ṣà. Tí mo bá sọ̀rọ̀, ọkọ mi lè wẹ̀wọ̀n, wọ́n lè dáná sun ilé wa, bàbá àwọn ọmọ mi ni o... Tí mo bá dákẹ́ ńkọ́? Ẹ̀yin ìyá, ẹ̀yin àfáà tó wà níbí, ta ni kí n kọ́kọ́ sọ fún, ṣé obìnrin yẹn ni, àbí ìyá ọmọ jòjòló tó ń lọ pọnmi lódò láàárọ̀ yìí?