Àmín Màámi

Tèslìmù àbúrò mi,

Mo kí ọ, mo kí ìyàwó rẹ àtàwọn ọmọ ní Kánádà. Ẹ̀jẹ̀ ríru Màámi ti wálẹ̀, ọjà sì ń tà ní Krofrom àdúgbò wa níbí, alihamudulilahi.

Ṣùgbọ́n inú ń bí mi sí ọ gan-an! Yorùbá àti Twi, èdè àwọn ará ìlú yìí, nìkan ni Màámi gbọ́, o wá ń fi àsọyé àwọn onísáyẹ́ǹsì òyìnbó ránṣẹ́ sí wọn lórí wásáàpù, pé ó máa là wọ́n lójú. Wọ́n rò pé áfà tó ń wàásù ni ọkùnrin tó ń sọ̀rọ̀ níbẹ̀. Ọkùnrin náà ń sọ̀rọ̀ bátìrì mọ́tò, Màámi ń ṣe "àmín"! Wọ́n á gbọ́ àsọyé náà dópin, wọ́n ní bóyá wàá kí àwọn nígbẹ̀yìn. Ojú ò tì ọ́?

Ohùn tìẹ ni kí o fi ránṣẹ́. Ọlọ́hun á ṣọ́ yín. Ṣàdúrà kan fún Màámi nínú rẹ̀, kí "àmín" wọn lè ríbi bà lé.

Ẹ̀gbọ́n rẹ,
Bàṣírátù