Orúkọ Mi Láàárín Àwọn Tó Ti Kú

Bàbá mi ọ̀wọ́n,

Ẹni ọdún mọ́kàndínláàádọ́rin ni mí lọ́dún yìí, mi ò sì gba ìmọ̀ràn lọ́wọ́ ẹnikẹ́ni mọ́. Mo sọ ọ́ fún Fọlákẹ́ ọmọ mi lánàá. Mo sọ ọ́ fún àbúrò mi ọkùnrin lọ́sẹ̀ tó kọjá. Mo ń sọ ọ́ fún ẹ̀yin náà báyìí, kí ẹ má baà wá bá mi lójú àlá pé kí n jẹ́ kó tán síbẹ̀. Mo ti ṣe ohun tí mo fẹ́ ṣe. Ìròyìn rẹ̀ ni mo fẹ́ fún yín.

Fọlákẹ́ ní kí òun bá mi kọ lẹ́tà yìí, nítorí òun ní ń bá àwọn ọ̀gá kọ lẹ́tà ní ọ́fíìsì. Mo ní rárá. Ìwé kejì péré ni mo kà, ṣùgbọ́n ọwọ́ mi kò rọ. Bí lẹ́tà kan bá tóbi ju èkejì lọ, èmi ni mo ni bírò.

Ẹ mọ̀ pé láti oko ni mo ti lọ sílé ọkọ. Ilé ọkọ náà ló gbé mi dé Kánò, níbi tí èmi àti bàbá àwọn ọmọ mi ti fi ohun tó lé lọ́gbọ̀n ọdún ta obì. Ọdún kẹrin rèé tí mo sin ín, tí mo sì padà sí Ifẹ̀. Ìlarè ni mò ń gbé, nínú ilé tí mo fi obì kọ́. Ìyá Olóbì ni gbogbo àdúgbò ń pè mí. Orúkọ tí ẹ̀yin sọ mí, kò sí ẹni tó ń fi pè mí mọ́.

Ní oṣù tó kọjá, wọ́n ka ìwé kan fún wa ní ṣọ́ọ̀ṣì. Wọ́n ní kí gbogbo obìnrin tó lọ sí ilé ẹ̀kọ́ àwa ọmọbìnrin nígbà ayé Tísà tó kọ́ wa wá pàdé níbẹ̀ lọ́jọ́ Sátidé. Wọ́n ní kí kálukú kọ ìtàn ara rẹ̀ sórí ìwé wá: ọmọ mélòó, iṣẹ́ wo, ta ni ọ̀rẹ́ rẹ̀ àtijọ́. Wọ́n fẹ́ kó gbogbo rẹ̀ pọ̀, kí wọ́n tẹ̀ ẹ́ ní ìwé.

Fọlákẹ́ ní, “Màmá, àwọn tó kàwé jáde ni wọ́n ń pè o.”

Mo ní, “Ṣé ojú fèrèsé ni èmi gbà jáde ni?”

Ọjọ́ mẹ́ta ni mo fi kọ tèmi. Mo kọ ọ́ pé ọmọ mẹ́fà ni mo bí, mẹ́rin ló wà láyé. Mo kọ ọ́ pé obì ni mo tà, mo sì kọ́lé. Mo kọ ọ́ pé Dọ́káàsì ọmọ Ìlódè, tí a jọ ń jókòó lórí bẹ́ǹṣì kan náà, ni ọ̀rẹ́ mi, àmọ́ mi ò mọ̀ bóyá ó ṣì wà láyé. Mo wọ léèsì mi aláwọ̀ ewé, mo lọ.

Ẹ̀ bá rí wa, Bàbá mi. Gbogbo ọmọ kéékèèké ìjọ́sí ti di arúgbó. Ọ̀kan ṣe nọ́ọ̀sì títí ó fi fẹ̀yìn tì. Ọ̀kan ní ọmọ mẹ́ta nílùú òyìnbó, ó ní wọn kì í kọ lẹ́tà, fọ́tò ni wọ́n ń fi ránṣẹ́. Ọ̀kan dìde, ó ní ọkọ òun fẹ́ ìyàwó kékeré nígbà tí òun pé àádọ́ta ọdún, láti ọjọ́ náà ni òun ti ń rí oorun sùn dáadáa. A rẹ́rìn-ín títí. Mo jókòó lọ́wọ́ ẹ̀yìn, mo di ìwé mi mú, mo ń retí kó kàn mí.

Kó tó kàn mí ni wọ́n ní ó tó àkókò láti pe àwọn tó ti lọ. Àṣà wọn ni, ọdọọdún ni wọ́n ń ṣe é. Fẹlíṣíà, ẹni tó ṣe nọ́ọ̀sì yẹn, òun ni akọ̀wé wọn. Bí ó bá ti pe orúkọ ẹni tó ti kú, ẹni tí wọ́n jọ jókòó lórí bẹ́ǹṣì nígbà náà ni yóò dìde dáhùn fún un, yóò ní, “Ó ti délé.” Ó pe ọ̀kan, wọ́n dáhùn. Ó pe èkejì, wọ́n dáhùn. Ó pe ẹ̀kẹta, orúkọ mi ni. Orúkọ mi àti orúkọ yín, Bàbá mi, so mọ́ra bí ẹ ṣe kọ́ mi láti máa jẹ́ ẹ.

Ìyá kan tó mú ọ̀pá lọ́wọ́ bẹ̀rẹ̀ sí í dìde níwájú. Ó ní, “Ó ti…”

Mo ní, “Kò tíì délé o! Ìlarè ló ń gbé!”

Àwọn ìyá ìjọ sá. Ẹni tó ti ń sọ láti àárọ̀ pé orúnkún ń dun òun ló kọ́kọ́ dé ẹnu ọ̀nà. Fẹlíṣíà di tábìlì mú, ó ní, “Mọ́mì, ẹ jọ̀ọ́, ta lẹ wá wá?”

Mo ní, “Ta ni mọ́mì ẹ? Fẹlíṣíà, ṣebí ìwọ lo máa ń tọ̀ sára nígbà tí wọ́n bá ní kó o wá ka A, B, D?”

Dọ́káàsì kò sá. Òun ni ìyá tó mú ọ̀pá lọ́wọ́ náà. Ó rọra ń bọ̀, ó ń wò mí láti orí dé ẹsẹ̀. Ó dúró síwájú mi, ó ní, “Bó bá jẹ́ ìwọ ni lóòótọ́, ta ló jẹ gúgúrú Tísà?”

Mo ní, “Ìwọ lo jẹ ẹ́. Èmi ni wọ́n nà.”

Ọ̀pá bọ́ lọ́wọ́ rẹ̀. Ó dì mọ́ mi, ó ń sunkún, ó ń lù mí lẹ́yìn. “Òǹrorò! Ọdọọdún ni mò ń dáhùn fún ẹ!”

“Ta ló rán ẹ níṣẹ́?”

Nígbà tí ara wa balẹ̀, Fẹlíṣíà gbé rẹ́jísítà àtijọ́ jáde. Ìwé náà ti pọ́n bí ewé gbígbẹ. Tísà fi yíǹkì pupa fa ìlà gba orí orúkọ mi, wọ́n sì kọ ọ́ sí ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ pé bàbá ọmọ náà wá fúnra rẹ̀ lónìí, ó ní àrùn ìgbóná ti mú un lọ. Mo kà á fúnra mi. Ó pẹ́ kí n tó kà á tán, ṣùgbọ́n mo kà á.

Bàbá mi, ẹ gbọ́n. Ká ní ibà lẹ pè é ni, Tísà ìbá béèrè sàárè. Ṣùgbọ́n ẹni tí ìgbóná bá pa, wọn kì í sunkún rẹ̀, wọn kì í sì í béèrè ibi tí wọ́n sin ín sí. Ẹ mọ ọ̀rọ̀ tí yóò pa Tísà lẹ́nu mọ́.

Mo rántí ọjọ́ náà. Ọdún tí kòkó kò tà ni. Ẹ ti yọ mí kúrò nílé ẹ̀kọ́, ẹ kó wa lọ sóko. Ẹ̀ẹ̀mejì ni Tísà gun kẹ̀kẹ́ wá bá yín lábà, mo wà lẹ́yìn àká tí mò ń gbọ́. Wọ́n ní, “Ẹ jẹ́ kó padà wá, èmi á sanwó rẹ̀.” Ẹ ò tilẹ̀ fún wọn lómi mu. Ẹ ní, “Ọmọ mi ni. Ẹnikẹ́ni kò ní bá mi tọ́ ọ.” Nígbà tó yá, ẹ̀yin nìkan lọ sígboro. Ọ̀sán lẹ dé, ẹ wú ikọ́ lẹ́ẹ̀mẹ́ta lẹ́nu ọ̀nà bí ẹ ti máa ń ṣe, ẹ mú odindi búrẹ́dì kan wá fún èmi nìkan. Ẹ bó ọsàn fún mi láìjẹ́ kí èèpo rẹ̀ já, ẹ fi èèpo náà kọ́ mi lọ́rùn. Ẹ ò sì wò mí lójú. Ẹ ní n kò gbọdọ̀ dé ìgboro mọ́, nítorí ìgbóná ń jà níbẹ̀. Mo rò pé ìfẹ́ ni. Ṣé ìfẹ́ ni? Báwo ni ẹnu yín ṣe gbé e? Ṣé ẹsẹ̀ yín kò wúwo lójú ọ̀nà?

Fẹlíṣíà ní, “Ó dà bíi pé Tísà ló ṣe àṣìṣe. Ẹ jẹ́ ká kọ ọ́ bẹ́ẹ̀ sínú ìwé wa, kó lè rọrùn fún gbogbo wa.” Mo fẹ́ gbà. Orúkọ yín wà lára àga ní ṣọ́ọ̀ṣì, èmi náà sì ń jókòó lórí rẹ̀.

Dọ́káàsì ló tẹ̀lé mi délé. A jẹ obì. Ó ní, “Ó ní ohun tó o gbọ́dọ̀ gbọ́.” Ó ní lọ́jọ́ tí ẹ wá, Tísà wọ kíláàsì, wọ́n kán pàṣán wọn sí méjì lójú gbogbo ọmọ. Wọ́n ní bóyá àìsàn ti wà lára ọmọ tí àwọn nà, àwọn ò mọ̀. Ìnà gúgúrú yẹn ni wọ́n ń sọ, tí wọ́n nà mí ní ọ̀sẹ̀ tí ẹ yọ mí. Láti ọjọ́ náà, wọn ò na ọmọ kankan mọ́ títí wọ́n fi fẹ̀yìn tì. Dọ́káàsì ní òun lọ wò wọ́n nígbà tí wọ́n ń ṣàìsàn ìkẹyìn, orúkọ mi ṣì wà lẹ́nu wọn.

Bí mo ṣe pinnu nìyẹn. Àbúrò mi sáré wá pẹ̀lú Fọlákẹ́. Ó ní, “Àǹtí mi, Bàbá ti kú, Tísà ti kú, ta ni ọ̀rọ̀ yìí fẹ́ ṣe láǹfààní? Ẹ fẹ́ ba orúkọ Bàbá jẹ́ lórí gúgúrú?” Òun tó kàwé débi tó wù ú! Mo fi ilẹ̀kùn hàn án. Mo bọ́ sọ́nà ilé Fẹlíṣíà, mo dúró tì í títí ó fi kọ ọ́: Tísà kò ṣe àṣìṣe, bàbá mi ló parọ́, mo sì wà láàyè. Wọ́n ti gbé e lọ fún ẹni tó máa fi kọ̀ǹpútà tẹ̀ ẹ́. Àbúrò mi kò kí mi mọ́. Kó má kí mi.

Mi ò bínú pé ẹ yọ mí nílé ẹ̀kọ́. Mo ta obì dé ibi tí ọ̀pọ̀ wọn ò dé. Ẹnikẹ́ni kò bá èmi náà sanwó ọmọ rí, ẹ̀yin ni mo jọ. Àárò yín ń sọ mí. Bí mo bá rí ọsàn, ọrùn ni ọwọ́ mi ń lọ. Ṣùgbọ́n ọkùnrin kan gbé ẹ̀bi tí kì í ṣe tirẹ̀ wọ sàárè, ẹ̀yin lẹ gbé e lé e lórí.

Ẹ ò mọ̀wé kà. Mo mọ̀ bẹ́ẹ̀ nígbà tí mo mú bírò. Ẹni kan ṣoṣo tí mo mọ̀ níbi tí ẹ wà tó lè ka Yorùbá tí mo kọ yìí ni Tísà, òun ló kọ́ mi. Ẹ gbé e tọ̀ wọ́n lọ.

Èmi ni, ọmọ yín obìnrin tó fẹ́ràn yín, tí kò kú.

Ẹ jẹ Tísà ní gbèsè òótọ́ ọ̀rọ̀. Ẹ san án.