Oṣù Tí A Kò Mọ Yẹ̀kínì

Ọjọ́ Ajé, 5 Oṣù Kẹta, 2007
Ọ̀sẹ̀ kẹta mi ní yunifásítì ìlú àjèjì yìí. Kò tíì sẹ́ni tó jókòó tì mí. Olùkọ́ ìtàn pín iṣẹ́ fún wa; Amẹ́ríkà ló bọ́ sí mi lọ́wọ́, ọdún 1919, lẹ́yìn ogun àgbáyé kìíní. Ìbẹ̀rù ni kí n kọ nípa rẹ̀: bí wọ́n ṣe ń bẹ̀rù ẹgbẹ́ òṣìṣẹ́, tí wọ́n ń bẹ̀rù àjèjì, tí wọ́n ń bẹ̀rù ẹnikẹ́ni tó bá ní kí nǹkan yí padà. Ọ̀rọ̀ ibi tó jìnnà — mo rò bẹ́ẹ̀.

Ọjọ́rú, 7
Ooru. Àwọn aláàárù Slipway, létí omi, daṣẹ́ sílẹ̀. Wọ́n ní àpò sìmẹ́ǹtì méjì lórí ẹnìkan ti pọ̀ jù. Ẹni tí ẹrù bá sì wó lù, kí ẹlẹ́rù tọ́jú rẹ̀. Bọ̀ọ̀dá Yẹ̀kínì ló ṣáájú wọn. Ọmọ Ìsẹ́yìn. Ogun abẹ́lé bá a níbí, kò sá. Àdúgbò West Point ló ń gbé pẹ̀lú Victoria, ìyàwó rẹ̀, ọmọ ìlú yìí. Lọ́jọ́ ìsinmi, ó máa ń gbé ẹja wá fún Àǹtí Mobọ́lá, àbúrò ìyá mi tí mò ń gbé lọ́dọ̀ rẹ̀. Òun nìkan ló ń bi mí pé kí ni mo kà lọ́sẹ̀ yìí, tó sì ń dúró gbọ́ èsì.

Ọjọ́ Ẹtì, 9
Randall Street, níbi tí ṣọ́ọ̀bù wa wà, dá. Ike àti abọ́ tí a rà kò rí ẹni rù ú wá sí ṣọ́ọ̀bù. Obìnrin tó ń ta omi tútù níwájú wa, tó máa ń kí mi, ń bá ẹnìkejì rẹ̀ sọ̀rọ̀, kò tilẹ̀ rẹ ohùn sílẹ̀: "Da Nigeria people bringing other war on us o." Mo ṣe bí ẹni tí kò gbọ́.

Ọjọ́ Àìkú, 11
Pásítọ̀ ní kí a gbàdúrà fún àlàáfíà, kí a sì yẹra fún àwọn onírúkèrúdò. Kò dárúkọ. Gbogbo ìjọ mọ̀.
Ẹja kò dé.

Ọjọ́ Ìṣẹ́gun, 13
Mo wà ní ilé ìkàwé títí wọ́n fi tì í. Lọ́dún 1919 náà, wọ́n kó àjèjì tó lé ní igba sínú ọkọ̀ ojú omi kan, wọ́n ní kí wọ́n padà síbi tí wọ́n ti wá. Àwọn kan fi ìyàwó sílẹ̀. Bọ́ǹbù dún lóòótọ́ — ìyẹn ló ń dà mí láàmú. Ìbẹ̀rù náà ní ìdí. Ṣùgbọ́n ẹni tí ọwọ́ tó ni wọ́n mú, kì í ṣe ẹni tó ju bọ́ǹbù.

Ọjọ́ Àbámẹ́ta, 17
Awò-Dúdú wá. Èmi ni mo sọ ọ́ bẹ́ẹ̀, nítorí awò ojú rẹ̀. Òṣìṣẹ́ ìjọba kan ni. Ó ní àjèjì tó bá ń ru àwọn aláàárù sókè, tí oníṣòwò kankan kò sì dúró fún un, wọn yóò lé e kúrò nílùú. Ẹni tó bá dúró fún un, wọn yóò yẹ ìwé òun àti ará ilé rẹ̀ wò. Ìwé ìgbélùú tèmi kò tíì jáde.

Nígbà tó lọ, Adétúnjí ọkọ Àǹtí, tí gbogbo wa ń pè ní Ọ̀gá, pè wá jọ. Ó sọ ti Gáná. Ọmọ ọdún mẹ́sàn-án ni nígbà tí wọ́n lé wọn kúrò ní Kùmásí. Bàbá rẹ̀ fún aládùúgbò ní kọ́kọ́rọ́ ṣọ́ọ̀bù, kò sì rí ṣọ́ọ̀bù náà mọ́ títí tó fi kú. Ó wá ní, "Láti òní lọ, a ò mọ Yẹ̀kínì."

Àǹtí ní ẹja rẹ̀ tó wà níkùn wa ńkọ́. Ọ̀gá ní kí ẹja náà dákẹ́. Ẹ̀rín fẹ́ pa mí. N kò rín in.

Ọjọ́ Ìṣẹ́gun, 20
Mo rí Bọ̀ọ̀dá Yẹ̀kínì lókèèrè ní ọjà Waterside. Mo yà gba ọ̀nà mìíràn.

Ọjọ́bọ̀, 22
Wọ́n ti mú un. Àǹtí kò jẹun.

Ọjọ́ Ẹtì, 23
Ilẹ̀ ti ń ṣú, Ọ̀gá kò tíì dé láti ọ́fíìsì àwọn Awò-Dúdú. Àǹtí ń rìn lọ rìn bọ̀ ní pálọ̀.

Láàárọ̀, Awò-Dúdú mú Bọ̀ọ̀dá Yẹ̀kínì wọ ṣọ́ọ̀bù, ọlọ́pàá kan tẹ̀lé wọn. Ó bi Ọ̀gá bóyá ó mọ ọkùnrin yìí. Ọ̀gá ní oníbàárà pọ̀, òun kò lè mọ gbogbo wọn. Àǹtí ń nu abọ́ kan ṣoṣo ṣáá. Ẹ̀yìn ni mo ti ń bọ̀, n kò mọ̀ pé àlejò wà. Ojú mi kan ti Bọ̀ọ̀dá Yẹ̀kínì — ètè rẹ̀ wú — orúnkún mi ti kanlẹ̀. "Ẹ káàárọ̀, sà." N kò rò ó. Bí wọ́n ṣe tọ́ mi nìyẹn.



Bọ̀ọ̀dá Yẹ̀kínì ló kọ́kọ́ sọ̀rọ̀, ní èdè ìlú yìí, pé òun kò mọ̀ mí: "I na know da girl. Nigeria children can greet everybody so."

Ó bọ́gbọ́n mu. Awò-Dúdú fẹ́ gbà á. Ó yíjú sí mi, ó ní ṣé bẹ́ẹ̀ ni. Ọ̀gá ń wò mí. Kùmásí ló wà lójú rẹ̀. Mo rántí ìwé mi tí kò tíì jáde. Ohùn mi kéré débi pé wọ́n ní kí n tún un sọ. Mo tún un sọ: mo mọ̀ ọ́n, ará ilé wa ni.

Abọ́ bọ́ lọ́wọ́ Àǹtí. Awò-Dúdú ní kí Ọ̀gá kó ìwé gbogbo wa dání, kó máa bọ̀. Ọ̀gá kó o. Kò wo ibi tí mo wà.

Mo ṣì kúnlẹ̀. Bọ̀ọ̀dá Yẹ̀kínì mirí sí mi bí ẹni tó ń bínú. Wọ́n ti dé ẹnu ọ̀nà kó tó yí padà, tó fi Yorùbá dá mi lóhùn níṣojú gbogbo wọn:

"O kú àárọ̀, Ìtùnú. Dìde nílẹ̀."