Ìdáhùn Tí Mo Fi Ránṣẹ́ sí Ọkùnrin Inú Àpótí

Ugbónla,
Ọjọ́ kejìlá, oṣù kẹsàn-án, 1954.

Rhoda, ọmọ mi,

Mo kí ọ, mo kí ọkọ rẹ, mo kí àwọn ọmọ. Ìyá rẹ ní kí n kọ́kọ́ kí yín dáadáa kí n tó sọ tẹnu mi, nítorí ó mọ̀ pé bí mo bá ti bẹ̀rẹ̀, mo lè gbàgbé. Ọlọ́run tó ń dá òkun dúró sí ààyè rẹ̀ yóò máa ṣọ́ yín ní Èkó. Ara wa le, bí ara àgbà ṣe ń le. Orúnkún mi kò fẹ́ràn àtẹ̀gùn ṣọ́ọ̀ṣì mọ́, omi sì ti kún dé abẹ́ ilé lọ́sẹ̀ yìí, orí ibùsùn la ti ń gbọ́ ọ. Ẹja kò pọ̀. Kọ́lájọ ọmọ àbúrò mi gbẹ́ ọkọ̀ tuntun, ó sì ti dojú dé pẹ̀lú rẹ̀ lẹ́ẹ̀mejì.

Ohun tó mú mi kọ̀wé nìyí. Ní ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ Àìkú kan lóṣù tó kọjá, Jùbrílù tó ń ta kẹrosíìnì àti òwú àwọ̀n létí omi ránṣẹ́ sí mi pé kí n wá gbọ́ ọmọ mi nínú rédíò òun. Mo wọ kóòtù. Mo bá èrò níwájú ṣọ́ọ̀bù rẹ̀, Mùsùlùmí àti Onígbàgbọ́, gbogbo wọn dákẹ́, dùùrù sì ń dún nínú àpótí náà. Kí ẹnikẹ́ni tó sọ fún mi ni mo ti mọ̀ pé ìwọ ni, nítorí o ṣì máa ń fa ohùn tó gbẹ̀yìn gùn díẹ̀, bí ẹni tí kò fẹ́ kí àlejò lọ. Nígbà tí o parí, ọkùnrin kan nínú àpótí ní Rhoda ọmọ Ugbónla ló tẹ dùùrù náà, òun kò sì tíì gbọ́ irú rẹ̀ rí. Mo dúró kí n gbọ́ èsì rẹ. O kò fèsì.

Ó dùn mí, ọmọ mi. Mo mọ̀ pé Èkó ti yí ọ̀pọ̀ nǹkan padà, ṣùgbọ́n bí wọ́n bá yin ènìyàn lójú èrò, ènìyàn a máa dáhùn. Mo ṣí fìlà, mo sún mọ́ àpótí náà kí n bá ọ dáhùn. Jùbrílù ní, Bàbá Tíṣà, rédíò kì í gbọ́ ọ̀rọ̀ ènìyàn o. Mo ní mo mọ̀, afẹ́fẹ́ òkun ló pọ̀, kí ó bá mi yí ojú àpótí náà sí ọ̀nà Èkó. Ó yí i, ṣùgbọ́n ó ń rẹ́rìn-ín. Mo kàwé, mo mọ̀ pé wáyà tó gbé ohùn wọlé láti orí igi àgbọn kò ní ṣaláì gbé ohùn jáde, bí wáyà ilé ìfìwéránṣẹ́ ṣe ń ṣe. Mo sọ ọ́ ketekete pé ẹ ṣeun, sà, kì í ṣe èmi, Olúwa ni. Ọkùnrin náà kò dá mi lóhùn, ọ̀rọ̀ kòkó ló bọ́ sí. N kò bínú sí i. Kọ̀wé sí mi bóyá ó jíṣẹ́.

Ṣùgbọ́n bí mo ṣe sọ gbólóhùn yẹn tán ni mo rántí pé mo ti sọ ọ́ rí, ìwọ náà sì mọ ọjọ́ tí mo sọ ọ́.

Ìkórè 1938 ni, nígbà tí ẹ̀gún ẹja gún èmi tí mò ń tẹ dùùrù ìjọ lọ́wọ́, tí gbogbo ìka mi wú, tí àlùfáà àgbà sì ń bọ̀ láti òkè wá bá wa ṣe ìsìn. Ọmọ ọdún mẹ́tàlá ni ọ́. Mo ti nà ọ́ lẹ́ẹ̀mẹ́ta pé o fọwọ́ kan dùùrù ìjọ. Mo rí pákó tí o fi èédú ya eyín dùùrù sí, tí o máa ń tẹ̀ láìdún, mo sì fi dáná. Ọjọ́ yẹn ni mo wá ta aṣọ ìkélé yí dùùrù ká, mo fi ọ́ sẹ́yìn rẹ̀, mo ní o kò gbọdọ̀ wúkọ́. O tẹ gbogbo orin, o kò ṣì í. Lẹ́yìn ìsìn, mo jáde síwájú aṣọ, mo fi ọwọ́ tó wú pamọ́ sínú apá ẹ̀wù. Àlùfáà àgbà yìn mí, mo tẹrí ba, mo ní kì í ṣe èmi, Olúwa ni. Òtítọ́ ni mo fi purọ́. Wọ́n fún mi ní Bíbélì tí wọ́n kọ orúkọ mi sí, ìwọ sì gba ẹ̀yìn jáde lọ fọ àwo.

Láti ìgbà náà, kò sí ìkórè tí wọn kì í yin dùùrù ọdún yẹn lójú mi. Màmá Ṣìkẹ́mi, ìyá ìjọ, tó dàgbà jù mí lọ, ló máa ń bẹ̀rẹ̀ rẹ̀. Bí mo bá ti ní Olúwa ni, a mi orí, a ní ó dáa, ó di ọdún tó ń bọ̀. Mo rò pé ìrẹ̀lẹ̀ mi ló wù ú.

Ní ọjọ́ Àìkú tó tẹ̀ lé ti rédíò, wọ́n tún bẹ̀rẹ̀, wọ́n ní ọwọ́ bàbá ni ọmọ jogún. Mo di àga mú, mo dìde, mo sọ gbogbo rẹ̀, títí kan pákó tí mo fi dáná. Màmá Ṣìkẹ́mi ló kọ́kọ́ sọ̀rọ̀.

"Tíṣà, aṣọ yẹn kò balẹ̀. Ẹsẹ̀ ọmọdé la rí lábẹ́ rẹ̀ tó ń fín afẹ́fẹ́ sínú dùùrù. Ọdún mẹ́rìndínlógún la ti ń yìn ọ́, kí o lè sọ fún wa."

Mo jókòó. Ó rẹ̀ mí, Rhoda. Ó rẹ̀ mí bí ẹni tó ti ń wakọ̀ lòdì sí omi láti àárọ̀, tó wá rí i pé òun ti kọjá èbúté tipẹ́. Mo ṣẹ̀ ọ́. Mo bẹ̀ ọ́. Bí ìdáríjì bá pẹ́ kó tó dé, n kò ní bi ọ́ léèrè.

Ìyá rẹ ti já aṣọ ìkélé náà, ó fi lẹ àpò afẹ́fẹ́ dùùrù tó ya, dùùrù wá ń mí bí arúgbó oníkọ́. Mo ti pa orúkọ mi rẹ́ nínú Bíbélì, mo kọ tìrẹ sí i, ẹni tó mú lẹ́tà yìí wá ló mú un lọ́wọ́. Bí owó bá wà, bá wa fi díẹ̀ ránṣẹ́ fún awọ àti gọ́ọ̀mù tí a ó fi tún dùùrù ṣe, àti fún kẹrosíìnì ìyá rẹ. Má gba ilé ìfìwéránṣẹ́. Nígbà tó kọjá, akọ̀wé wọn gba ìwé owó tí o fi ránṣẹ́, ó sì fún mi ní owó mìíràn tó ti gbó, mo sì mọ̀ pé ìwọ kò lè fi owó gbígbó ránṣẹ́ sí bàbá rẹ.

Wá tẹ dùùrù fún wa ní ìkórè. Bí wọ́n bá sì yìn ọ́, fèsì. Má sọ bíi tèmi pé kì í ṣe ìwọ. Sọ pé Ọlọ́run ló fún mi, èmi ni mo sì tẹ̀ ẹ́. Ọwọ́ rẹ kò ní gbọ̀n, ẹsẹ̀ rẹ kò ní kọ, àwọn ọmọ rẹ yóò tẹ tiwọn lójú rẹ. Ní ti èmi, ẹ̀yìn lọ́hùn-ún ni n ó jókòó sí, níbi tí wọ́n ti ń rí ẹsẹ̀.

Èmi ni bàbá rẹ,
Ọlálẹ́yẹ Jọọlá.