Etí Ọ̀tún Bénie

Samandin, Ouagadougou
Ọjọ́ kejì oṣù kẹta, ọdún 1998

Ṣíjú, ọmọ mi ọ̀wọ́n,

Ṣé àlàáfíà ni o wà ní Abidjan, ṣé ọwọ́ kò ro ọ́ mọ́ níbi tí o ti ń di irun? Ọlọ́run kò ní jẹ́ kí oníbàárà wọ́n ọ. Àwa wà láàyè, eruku ọyẹ́ nìkan ló ń bá wa jà. Kí n kọ́kọ́ sọ ti àwọn tó bímọ àti àwọn tó ṣègbéyàwó kí n má baà gbàgbé wọn. Sandra, ìyàwó ẹ̀gbọ́n rẹ Olúyọmí, ti bí ọkùnrin, orí ọmọ náà tóbi bí orí bàbá yín, a sì dúpẹ́ pé ó jáde. Augustine, ọmọ ilé kejì sí wa, ti lọ sílé ọkọ ní Kossodo. Ọkọ rẹ̀ ń ṣiṣẹ́ níbi tí wọ́n ti ń pa màlúù, nítorí náà gbogbo àdúgbò ló lọ síbi ìgbéyàwó náà, títí kan àwọn tí wọn kò pè. Wọn kò pe èmi náà.

Ọwọ́ ara mi ni mo fi ń kọ gbogbo èyí. Lẹ́tà tí mo kọ sí ọ lóṣù kọkànlá ni àkọ́kọ́ tí mo fọwọ́ ara mi kọ láti ìgbà tí wọ́n ti bí mi, mo sì kà á fún gbogbo ilé kí n tó fi ránṣẹ́, mo kà á fún ọkùnrin Moossi tó ń ta omi pàápàá, ẹni tí kò gbọ́ Yorùbá. Nínú rẹ̀ ni mo ti sọ fún ọ pé ọmọ rẹ Bénie kò ní làákàyè, pé ó ti tún kíláàsì kan náà ṣe lẹ́ẹ̀mejì, pé bí a bá pè é kì í dáhùn, ẹnu ènìyàn ló máa ń wò bí ẹni ń wo ìkòkò tó fẹ́ hó. O gbà mí gbọ́. O ní kí n fi ọmọ náà sínú ọkọ̀ ojú irin kí ó wá kọ́ iṣẹ́ irun lọ́dọ̀ rẹ, o sì fi owó ọkọ̀ ránṣẹ́. Ṣíjú, jọ̀wọ́, wá lẹ́tà yẹn jáde kí o ya á. Irọ́ ló wà nínú rẹ̀. N kò mọ̀ọ́mọ̀ pa á o, bírò ló ṣẹ̀ṣẹ̀ dé ọwọ́ mi, mo sì ń wá ohun tí mo máa kọ.

O mọ̀ pé ọ̀sán mẹ́ta lọ́sẹ̀ ni mo ń lọ sí kíláàsì àwọn àgbà tí ẹgbẹ́ àwọn ará ilé wa dá sílẹ̀. Ọmọ Pobè kan tó ń jẹ́ Albertine ló ń kọ́ wa, ọjọ́ orí rẹ̀ kò ju tìrẹ lọ. A kò dọ́gba rárá níbẹ̀. Bádéjọ aránṣọ kò rí pátákó, nítorí náà Albertine fi páálí gé lẹ́tà ńláńlá fún un, ó ń fọwọ́ pa wọ́n bí ẹni ń wo aṣọ lọ́jà. Ní tèmi, ojú mi ríran, ṣùgbọ́n odó gígún ti sọ ọwọ́ mi di igi, bí mo bá fi bírò kan ìwé, ìwé á ya. Albertine da iyẹ̀pẹ̀ sínú àwo pẹrẹsẹ fún mi pé kí n máa fi ìka kọ̀wé sí i títí ọwọ́ mi yóò fi rọ̀. Mo kọ́kọ́ rò pé ó ń bú mi ni. Lọ́dún àkọ́kọ́, mo fìdí rẹmi. Lọ́dún kejì, mo tún fìdí rẹmi. Mo sọ fún yín nígbà náà pé wọ́n ní kí n dúró kí n máa ran àwọn tuntun lọ́wọ́. Kò sí ẹni tó sọ bẹ́ẹ̀.

Fún àwa tí ẹ̀kọ́ kì í pẹ́ lórí wa, Albertine gba ohùn ara rẹ̀ sínú kásẹ́ẹ̀tì, ó sì ní ẹ̀rọ kékeré kan tó ń lọ láti ilé dé ilé, kálukú ní ọjọ́ tirẹ̀. Nígbà tó kàn mí, mo bọ́jú, mo jókòó, mo tẹ ibi tí wọ́n ní kí n tẹ̀. Ohùn jáde, ó ní kí n máa sọ ọ́ tẹ̀lé òun. Kò kí mi! Ọmọ kékeré wọ inú ilé mi, kò kí mi, ó ń pàṣẹ fún mi. Mo panu mọ́. Mo ní n kò ní tẹ̀lé e débi kankan àfi bó bá kí mi, ó sì sọ̀rọ̀ sọ̀rọ̀ títí ó fi dákẹ́ fúnra rẹ̀, mo rò pé ojú ló tì í. Nígbà tí mo fẹjọ́ sun Albertine, kò rẹ́rìn-ín lójú mi, ó lọ gba òmíràn, ó sì kí mi dáadáa nínú rẹ̀. Èmi náà dáhùn, mo béèrè iṣẹ́, mo béèrè àwọn ọmọ, kí n tó dórí ìyá rẹ̀ ó ti ka ẹ̀kọ́ dé ìdajì. Ẹ̀ẹ̀kẹta ló tó fi àyè sílẹ̀ lẹ́yìn ìkíni, ó gùn tó ìgbà tí ènìyàn fi lè bẹ iṣu kan. Láti ọjọ́ náà ni ọ̀rọ̀ àwa méjèèjì ti wọ̀.

Ẹ̀rọ yìí ní okùn tẹ́ẹ́rẹ́ tó yà sí méjì, tí a ń kì bọ etí kí a má baà pariwo. Lọ́jọ́ kan mo ki ọ̀kan sí etí mi, mo ki èkejì sí etí òsì Bénie kí ó lè gbọ́ bí ìyá àgbà rẹ̀ ti ń kàwé. Ó ní kò sọ nǹkan kan. Mo ní ọ̀lẹ ni. A pààrọ̀ rẹ̀, tèmi ń sọ̀rọ̀ kedere, tirẹ̀ kò tún sọ nǹkan kan. Ohun tí mo wá rò ni pé ẹ̀rọ náà mọ̀ pé Bénie kò san owó ẹgbẹ́. Má rẹ́rìn-ín. Mo gbé e, mo fa ọmọ lọ́wọ́, a lọ bá Félix tó ń tún rédíò ṣe lẹ́bàá títì, mo bẹ̀ ẹ́ kí ó bá mi bá ẹ̀rọ sọ̀rọ̀ pé ọmọ-ọmọ mi ni.

Félix rẹ́rìn-ín títí omi fi bọ́ lójú rẹ̀, ó bi mí bóyá ẹ̀rọ náà mọ ẹni tí kò san owó orí pẹ̀lú. Ó wò ó, kò rí ohun tó bàjẹ́. Òun fúnra rẹ̀ wá ki okùn náà sí etí ọ̀tún Bénie. Ṣíjú, ọmọ yìí bẹ̀rẹ̀ sí í sọ ọ́ tẹ̀lé e. Ẹ̀kọ́ tó gbà mí lóṣù méjì, ó kà á láti òkè dé ìsàlẹ̀, ó dáhùn ìkíni tí wọ́n fi kí mi pàápàá. Félix mú un lọ sí etí òsì, ọmọ dákẹ́. Ẹ̀rín kúrò lẹ́nu Félix. Ó rọra sọ fún mi pé kì í ṣe ẹ̀rọ ló ń ṣàìsàn.

Mo jókòó sórí táyà tó wà níbẹ̀. Bí a bá ń lọ sọ́jà, ọwọ́ òsì Bénie ni mo máa ń dì mú, ẹ̀gbẹ́ òsì ni mo ti ń bá a sọ̀rọ̀, ibẹ̀ náà ni mo ti ń pè é ní olóríkunkun. Ọdún mẹ́ta gbáko.

Albertine bá wa lọ sílé ìwòsàn. Nọ́ọ̀sì wo irun funfun mi, ó gbé ìǹkì wá pé kí n tẹ àtàǹpàkò. Mo kọ̀. Mo kọ orúkọ mi, mo kọ ti bàbá yín, mo ń kọ orúkọ ìlú wa lọ́wọ́ nígbà tí ìwé kún dé ibi tí dókítà yẹ kó kọ sí. Wọ́n mú ìwé mìíràn wá, mo tún kún un. Nọ́ọ̀sì sọ barka fún mi, bí àwọn Moossi ti ń dúpẹ́, ó sì gba bírò lọ́wọ́ mi. Dókítà ní éèyi tó ṣe Bénie ní kékeré ló pa etí òsì, ṣùgbọ́n ọ̀tún mọ́ kedere.

Ó wá ku mẹ́tìrì, olùkọ́ rẹ̀ níléèwé, Albertine sì tún bá mi lọ. Ọmọ mẹ́rìnléláàádọ́rùn-ún ló wà níwájú rẹ̀, ìparí bẹ́ǹṣì lápá ọ̀tún ni ó sì fi Bénie sí, etí tó dára kọjú sí ògiri. Ó ní bí òun bá ní kí olúkúlùkù jókòó síbi tí etí rẹ̀ fẹ́, ta ni yóò jókòó sẹ́yìn? Mo sọ ti iyẹ̀pẹ̀ mi fún un, mo sọ ti páálí Bádéjọ, ó ní àwọn àgbà nìyẹn. Mo wá yọ òwú lápò mi, mo bẹ̀ ẹ́ kí ó di etí òsì rẹ̀ pa, kí ó jókòó sáàyè Bénie, kí Albertine pe ọ̀rọ̀ mẹ́wàá fún un níwájú pátákó, kí àwọn ọmọ sì máa pariwo bí wọ́n ti máa ń ṣe. Bóyá kí n lè tètè lọ ló ṣe gbà. Mẹ́rin ni ó gbà nínú mẹ́wàá. Àwọn ọmọ pàtẹ́wọ́ fún un. Ó yọ òwú, òun fúnra rẹ̀ ló gbé àpò Bénie lọ sórí bẹ́ǹṣì iwájú lápá òsì, lẹ́bàá fèrèsé. Ó wá béèrè ẹni tí kò rí pátákó, ọwọ́ mọ́kànlá ló nà sókè. Lọ́sẹ̀ tó kọjá, Bénie gba méje nínú mẹ́wàá. Èmi kò gba méje rí.

N kò sọ pé iṣẹ́ irun kò dára, òun ló ń bọ́ wa. Bí Bénie bá dàgbà tó sì fẹ́ ẹ, kí ó wá bá ọ. Ṣùgbọ́n kí ó má jẹ́ nítorí lẹ́tà mi. Ọdún méjì ni mo fìdí rẹmi, kò sí ẹni tó fi mí sínú ọkọ̀ ojú irin.

Ohun tí mo fẹ́ kí o fi ránṣẹ́ sí mi kò wọ́n: kásẹ́ẹ̀tì kan, kí o sọ̀rọ̀ sínú rẹ̀ fún ọmọ rẹ. Kọ́kọ́ kí mi, kí o sì fi àyè sílẹ̀. Bí o bá sì wá sílé, apá ọ̀tún ni kí o ti pè é. Ọlọ́run yóò ṣọ́ etí rẹ àti ọwọ́ rẹ, ohun tí o bá ń fetí sí láti ilé, ire ni yóò máa jẹ́. Ọlábímtán tó ń bọ̀ wá rajà ní Abidjan ni mo fi lẹ́tà yìí rán.

Èmi ni ìyá rẹ, Sàfúrátù, tí kì í tẹ àtàǹpàkò mọ́. Owó ọkọ̀ Bénie ló wà nínú àpòòwé yìí, mo dá a padà bí o ti fi ránṣẹ́: ẹgbẹ̀rún méjìlá fránkì.