Àdúrà tí Ẹ Máa Ń Gbà Nínú Jíìpù

Bàbá mi, oníjíìpù kan ṣoṣo àdúgbò wa,

Ẹ kú ọjọ́ mẹ́ta. Mi ò kọ ìwé yìí láti bi yín bí ọ̀run ṣe rí, torí mo mọ̀ pé bí wọ́n bá ń fọ ọkọ̀ níbẹ̀, ẹ ti wà lórí ìlà. Ọ̀rọ̀ jíìpù ni mo bá wá. Ẹ jọ̀ọ́, kí ló dé tí ẹ ò sọ fún ẹnikẹ́ni?

Láti ìgbà tí a ti sin yín, oṣù méje gbáko, jíìpù ò rìn. Ọkọ̀ tó gbé yín wọ gbogbo igbó tí ẹ ti wọn ilẹ̀, tó la ẹrẹ̀ tó gun òkè, ó wá jókòó ti tánkì omi ní Surulere bí ìyàwó tó ń bínú. Adìyẹ ti ń yé sábẹ́ rẹ̀. Màámi bá ní ó tó gẹ́ẹ́: bí kò bá stáàtì títí di Sátidé, àwọn tó ń ra ọkọ̀ àkúfọ́ á wá gé e wẹ́lẹ́wẹ́lẹ́. Ó dùn mí gan-an. Òórùn orógbó yín ṣì wà lára àga rẹ̀. Bẹ́ẹ̀, èmi yìí náà ni mo máa ń ní kí ẹ sọ̀ mí kalẹ̀ ní Ojú Ẹlẹ́gbà, kí àwọn ẹlẹgbẹ́ mi má baà rí ohun tó gbé mi wá síléèwé. Ṣé ẹ mọ̀ pé ojú ló ń tì mí? Mi ò tọrọ àforíjì rí.

Mo ní wọn ò ní gé e. Ṣebí èmi ni tíṣà físíìsì ní Yaba, tí mo ń ya ọ̀nà iná sójú pátákó, tí mo ń sọ fún àwọn ọmọ pé bí àlàfo bíńtín bá wà lójú ọ̀nà, iná ò ní kọjá. Mo ká apá aṣọ. Bátìrì dáa: iná iwájú tàn, họ́ọ̀nù dún tó bẹ́ẹ̀ tí adìyẹ sá. Mo yí kọ́kọ́rọ́, ẹ́ńjìnnì ń yí, kírí kírí kírí, kò gbiná. Mo ki pọ́lọ́gì tuntun bọ̀ ọ́. Kírí kírí. Mo lọ ra kọ́ìlì, èyí tó ń fún pọ́lọ́gì níná, ní Ládípọ̀. Kírí kírí kírí. Àwọn ọmọ kíláàsì mi ò gbọdọ̀ gbọ́.

Màámi ní àwọn mọ ohun tó fà á. Ẹ mọ bí ìyàwó yín ṣe máa ń fi yín yangàn láàárín àwọn ìyá ìjọ, pé ọkọ àwọn kì í gbé ọkọ̀ kúrò nílé láìgbàdúrà. Gbogbo wa la kúkú rí i. Ẹ ó jókòó, ẹ ó gbé iwájú orí lé sítíárì, ẹ ó máa sọ̀rọ̀ wúyẹ́wúyẹ́, kí ẹ tó yí kọ́kọ́rọ́. Màámi ní àdúrà yẹn ni jíìpù ń retí. Wọ́n da òróró àdúrà sórí bátìrì.

Ẹ̀gbọ́n Múfú, rẹ́wáyà tó ń tún iná ọkọ̀ ṣe ní Mushin, ló fi àkísà nu òróró náà kúrò lọ́jọ́ Ẹtì. Wọ́n yẹ kọ́ìlì wò: iná ò dé ibẹ̀ rárá. Wọ́n tú abẹ́ dáṣíbọ́ọ̀dù, wọ́n sì bá iṣẹ́ ọwọ́ yín pàdé. Gbogbo wáyà ibẹ̀ ló pupa, èyí tó ń lọ pupa, èyí tó ń bọ̀ pupa, tépù dúdú wé wọn bí irun kíkó.

“Ta ló ṣe irú eléyìí?”

“Olóògbé fúnra wọn ni,” Màámi dáhùn.

Ẹ̀gbọ́n Múfú ṣí fìlà. “Kí Ọlọ́run forí jì wọ́n o. Àǹtí tíṣà, àfi ká fa gbogbo wáyà yìí dànù. Ọ̀sẹ̀ méjì ni.”

Ọ̀sẹ̀ méjì, Sátidé sì ni ọ̀la.

Nígbà tí wọ́n lọ tán, mo wọnú jíìpù, mo pa ilẹ̀kùn dé. Kí n má purọ́, ẹkún ni mo fẹ́ sun. Mo gbé iwájú orí lé sítíárì bí ẹ ti máa ń ṣe, torí mi ò mọ ibòmíràn tí mo lè gbé e lé. Ọwọ́ òsì mi bọ́ sábẹ́ àga. Nǹkan kékeré kan kàn mí lọ́wọ́. Mo tẹ̀ ẹ́, ó ró páú.

Swíìṣì! Bàbá, swíìṣì! Irú èyí tí a fi ń tan iná yàrá, ẹ lẹ̀ ẹ́ mọ́ abẹ́ àga nítorí olè. Mo wá rántí pé wọ́n jí jíìpù yín àkọ́kọ́ gbé ní Jíbówú, ẹ sì búra pé irú ẹ̀ ò ní ṣẹlẹ̀ mọ́. Ẹ já ọ̀nà iná tó ń lọ sí kọ́ìlì, ẹ ki swíìṣì sáàárín, ẹ wá ń fi àdúrà bò ó láti ọjọ́ pípẹ́ wá. Àlàfo tí mo ń yà sójú pátákó, abẹ́ ìdí mi ló wà! Mo yí kọ́kọ́rọ́. Jíìpù bú ramúramù, adìyẹ mẹ́ta fo fẹ́ǹsì, èéfín bo gbogbo aṣọ tí Màámi sá.

Màámi jó jáde, wọ́n ń kígbe pé òróró ti ṣiṣẹ́. Èmi aláṣejù, mo fi swíìṣì hàn wọ́n. Mo ní Bàbá ò gbàdúrà kankan, swíìṣì ni wọ́n ń wá. Mo rẹ́rìn-ín títí. Wọn ò rẹ́rìn-ín. Wọ́n wọlé sẹ́gbẹ̀ẹ́ mi, sórí àga tí wọ́n máa ń jókòó sí tí ẹ bá ń gbé wọn jáde.

“Mo mọ̀ pé Bàbá ẹ máa ń fọwọ́ wá nǹkan lábẹ́ àga. Orógbó ni mo pè é. Ṣùgbọ́n èmi ni mò ń jókòó síbí, etí mi ló ń gbọ́ ẹnu wọn. Ìwọ ni wọ́n máa ń kọ́kọ́ dárúkọ. Wọ́n á ní, ‘Olúwa, bá mi ṣọ́ ọmọ yìí.’ Lójoojúmọ́.”

Bàbá mi, ṣé òótọ́ ni? Títí kan àwọn ọjọ́ tí mo ń sọ̀ ní Ojú Ẹlẹ́gbà?

Nígbà tí àwọn onírin tó fẹ́ gé jíìpù dé lọ́jọ́ Sátidé, wọn ò bá wa nílé. Mo ń gbé ìyàwó yín lọ sí Sábó. Kí a tó kúrò, mo tẹrí ba sórí sítíárì. Ọwọ́ mi rí swíìṣì lẹ́ẹ̀kan náà, ó ró páú, ṣùgbọ́n mi ò tíì gbórí sókè. Màámi ni mo kọ́kọ́ dárúkọ. Wọ́n gbọ́ ọ, wọ́n sì ṣe àmín tó ga ju ẹ́ńjìnnì lọ.

Èmi ni,
ọmọ yín tí ẹ máa ń kọ́kọ́ dárúkọ.