Ẹ̀jẹ̀ Tí Ìyàwó Wa Gbà Lára Màmá

Ẹ̀gbọ́n mi àtàtà,

Mo kí yín, mo kí ìyàwó yín àtàwọn ọmọ. Ara Bàbá le, iṣẹ́ ìránṣọ mi náà sì ń lọ dáadáa.

Ara Màmá ti yá! Ẹ rántí pé òtútù ń mú wọn lọ́sàn-án gangan, wọ́n sì ń gbàgbé orúkọ wa. Gbogbo wa ní ọjọ́ orí ni. Ìyàwó àbúrò wa, tó ń yẹ ẹ̀jẹ̀ wò lọ́síbítù, nìkan ló kọ̀ jálẹ̀. Nígbà tó ní ká gba ẹ̀jẹ̀ Màmá, ẹ pariwo lórí fóònù pé, "Ṣé ẹ̀jẹ̀ ìyá mi ló fẹ́ mu ni?"

Síbẹ̀, ó gba ẹ̀jẹ̀ náà. Sẹ́ẹ̀lì pupa dín díẹ̀, funfun pé. Àwọn yòókù lọ́síbítù ní kí Màmá máa jẹun dáadáa; òun ní, "Ẹ jẹ́ ká wo họ́mọ́nù wọn."

Ẹ̀yà ara kékeré kan wà níwájú ọ̀fun tó ń tú họ́mọ́nù sínú ẹ̀jẹ̀, kí gbogbo ara lè jí pépé. Àyẹ̀wò náà fi hàn pé ti Màmá ti rẹ̀, kò tú u tó mọ́. Dókítà ní kí wọ́n máa lo hóró oògùn kan láràárọ̀. Lẹ́yìn oṣù méjì, Màmá wọ ilé ìdáná, wọ́n pe orúkọ mi, wọ́n sì bá mi jà pé mo ń fi iyọ̀ ṣòfò. Ẹkún ayọ̀ ni mo sun.

Ohun tí mo tìtorí ẹ̀ kọ̀wé rèé: ẹ pe ìyàwó wa, kí ẹ dúpẹ́ lọ́wọ́ ẹ̀. Mo bi í bóyá inú ń bí i sí yín. Ó ní, "Ìbẹ̀rù ló ń sọ̀rọ̀ lẹ́nu Bọ̀dá."

Ọlọ́run á jẹ́ kí ẹ fojú rí Màmá láìpẹ́. Ẹ má fi ọpẹ́ yìí rán mi o. Ẹnu yín ni kó ti gbọ́ ọ.

Àbúrò yín obìnrin.